Kọ̀ǹpútà ti tú ayò palẹ̀, àmọ́ òfin ta ló tẹ̀ lé?

Ní ọdún 2002, onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì ní Vrije Universiteit tó wà nílùú Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, kéde pé àwọn ti rí ìdí eré kan tí wọ́n ń pè ní awari. Ilé méjìlá ló wà lójú ọpọ́n rẹ̀, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin ló wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 48. Bí ẹ bá gbé e dé abẹ́ igi tí àwọn àgbà Ilé-Ogbó ti ń ta ayò nírọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tí yóò béèrè ohun tó jẹ́. Èsì tí àwọn méjèèjì rí ni pé bí ẹni méjì tí kì í ta àtaṣì bá jókòó ti ọpọ́n náà, ọ̀mì ni wọn yóò ta, 24 sí 24.

Báwo ni ẹ̀rọ tí kò lójú ṣe dé ibẹ̀? Ǹjẹ́ ọ̀dọ́ kan ní Ilé-Ogbó, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire, lè fi láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ṣe irú rẹ̀?

Nọ́ńbà méjìlá péré

Kọ̀ǹpútà kò mọ ọpọ́n, kò mọ igi ayò. Nọ́ńbà méjìlá lásán ló mọ̀. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ kọ ètò tí yóò máa ta ayò kò nílò àwòrán kankan. Láptọ́ọ̀pù àlòkù kan tó bá ti ní Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò, lórí ti tó, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú dúdú tí wọ́n ń pè ní terminal ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀: ẹ ó tẹ nọ́ńbà ilé tí ẹ fẹ́ ta, ẹ ó tẹ Enter, ètò náà yóò sì fi bí ọpọ́n ṣe rí hàn yín. Níbẹ̀rẹ̀ eré, ohun tí ẹ ó rí nìyí:

4 4 4 4 4 4 | 4 4 4 4 4 4

Ilé kìíní dé ìkẹfà jẹ́ tiyín, ìkeje dé ìkejìlá jẹ́ ti ẹnìkejì. Bí ẹ bá ta ilé kẹta, ọmọ mẹ́rin inú rẹ̀ yóò bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àwọn ilé tó tẹ̀ lé e:

4 4 0 5 5 5 | 5 4 4 4 4 4

Bí ọmọ bá ṣì kù lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé kejìlá, ìkíní ló kàn. Ìlà kóòdù kan ṣoṣo ló ń bójú tó yíyí po yìí.

Jíjẹ ló gba ìfarabalẹ̀: ilé ẹnìkejì tí ọmọ yín bá sọ di méjì tàbí mẹ́ta nìkan lẹ lè jẹ. Ká ní ọmọ mẹ́rin wà ní ilé karùn-ún yín, tí ẹnìkejì sì ní méjì ní ìkeje, ọ̀kan ní ìkẹjọ, ọ̀kan ní ìkẹsàn-án. Bí ẹ bá ta ilé karùn-ún, ọmọ tó kẹ́yìn yóò sọ ìkẹsàn-án di méjì, ẹ jẹ ẹ́. Ètò náà yóò padà sẹ́yìn: ìkẹjọ ti di méjì, ẹ jẹ ẹ́, ìkeje ti di mẹ́ta, ẹ jẹ òun náà. Ọmọ méje wọlé. Àmọ́ ká ní márùn-ún ló ti wà ní ìkẹjọ tẹ́lẹ̀, yóò di mẹ́fà, jíjẹ yóò sì dúró síbẹ̀. Méjì péré lẹ ó rí.

Ríronú síwájú kò tó

Títí dé ibí yìí, ètò náà mọ òfin, àmọ́ ọ̀pè ni. Ọ̀nà tí wọ́n sábà máa ń gbà sọ ọ́ di ọ̀ta ni pé kó dán gbogbo ilé tó lè ta wò, kó dán gbogbo èsì tí ẹnìkejì lè fún un wò, kó wá mú èyí tí ìyà rẹ̀ kéré jù bí ẹnìkejì bá tilẹ̀ gbọ́n. Ilé mẹ́fà ló wà fún yíyàn, nítorí náà ìgbésẹ̀ méjì lè bí ọ̀nà 36. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lè bí 60,466,176.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ṣiṣẹ́ lórí èyí. Ní 2009, Ibidapo Akinyemi, Ezekiel Adebiyi àti Harrison Longe tẹ ìwádìí jáde lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè kọ́ ayò títa láti inú ìrírí. Ètò tó mọ ayò ta dáadáa ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń wá. Ohun tí àwọn ará Amsterdam ń wá yàtọ̀: wọ́n fẹ́ mọ ibi tí gbogbo ipò tí ọpọ́n lè wà máa já sí.

Wọ́n gba ẹ̀yìn wọlé

Ìparí eré ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ku ọmọ kan ṣoṣo lójú ọpọ́n, ipò 12 ló lè wà, kò sì ṣòro láti mọ ẹni tó ni í. Ọmọ méjì ní ipò 78, mẹ́ta ní 364. Bí ẹ bá ti mọ èsì gbogbo ipò ọlọ́mọ mẹ́ta, ti ọlọ́mọ mẹ́rin á rọrùn, torí pé ẹni tó bá jẹ níbẹ̀ yóò bọ́ sínú ohun tí ẹ ti mọ̀. Bí ẹ bá ń gòkè bẹ́ẹ̀ dé ọmọ mẹ́wàá, gbogbo ipò tó wà níbẹ̀ kò ju 646,645 lọ. Láptọ́ọ̀pù ilé lè ṣe ìyẹn.

Òkè ni wàhálà wà. Ọ̀nà tí ọmọ 48 lè gbà tò sínú ilé méjìlá jẹ́ 279,871,768,995. Gbogbo ipò tó lè yọjú nínú eré tí Romein àti Bal ṣírò èsì rẹ̀ jẹ́ 889,063,398,406. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà 144 ni wọ́n so pọ̀, ó sì gbà wọ́n ní wákàtí 51.

Ta ló ni òfin?

Ibi tí ẹni tó fẹ́ kọ ètò tirẹ̀ yóò ti kọsẹ̀ nìyí. Kọ̀ǹpútà kì í béèrè lọ́wọ́ àgbà. Ohun tí ẹ bá kọ fún un ló máa ṣe. Bí odù, ìyẹn ilé tí ọmọ pọ̀ nínú rẹ̀, bá yí ọpọ́n po, ṣé yóò fo ilé tó ti gbéra ni àbí yóò ju ọmọ kan sí i? Bí ìjẹ kan bá fẹ́ kó gbogbo ọmọ ẹnìkejì tán, ṣé ó tọ́? Bí ilé ẹnìkejì bá gbẹ, ṣé dandan ni kí ẹ fún un lọ́mọ? Bí ọmọ díẹ̀ tó kù bá ń yí po láìsí ìjẹ, báwo ni ẹ ó ṣe pín in? Àwọn àgbà tó ń ta ayò lè parí irú ọ̀rọ̀ báyìí lójú ẹsẹ̀, ti ìlú kan sì lè yàtọ̀ sí ti ìkejì. Nínú kóòdù, ìdáhùn kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹyọ kan bá sì yí padà, gbogbo ìṣirò tó wà lókè rẹ̀ gbọ́dọ̀ di títún ṣe.

Nítorí náà, ọ̀mì tí wọ́n kéde ní 2002 jẹ́ ti òfin tí àwọn olùwádìí náà kọ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ wọn. Kò sọ pé ayò tí wọ́n ń ta ní Ilé-Ogbó tàbí ní Ìwó gbọ́dọ̀ parí sí ọ̀mì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ tìyẹn, kó kọ́kọ́ mú ìwé àti bírò lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀ta ìlú, kó béèrè ìbéèrè mẹ́rin òkè yìí, kó sì kọ ohun tí wọ́n bá fẹnu kò lé lórí. Lẹ́yìn náà ni kó ṣí terminal, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ kan.