Kì í Ṣe Ẹgbẹ́ Òkùnkùn: Bí Ìjọ Amúnilẹ́rú Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ burúkú ní Apẹ̀tẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ni ọkàn wa máa ń lọ sí, àwọn tó ń fi àdá lé ara wọn kiri lóru. Ṣùgbọ́n irú ẹgbẹ́ kan wà tí kò sá fún ìmọ́lẹ̀. Ọ̀sán gangan ló ń ṣe tirẹ̀, ó ń kọrin, ó ń gbàdúrà. Nínú àròkọ yìí, ìjọ amúnilẹ́rú ni màá pè é. Kì í ṣe ìjọ kékeré tàbí ìjọ aláriwo ni mo ń bá wí o. Ìjọ tí olórí rẹ̀ ti jókòó sórí àga Ọlọ́run ni.

Irú rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ní Èkó, Olúfúnmiláyọ̀ Ọdúmósù, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Jésù Ọ̀yìngbò, sọ pé òun ni Jésù tó padà wá. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ń bá a gbé nínú ọgbà rẹ̀ ní Maryland, wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún un, wọ́n ń kó ohun ìní wọn fún un, ó sì ń fi àwọn obìnrin inú wọn ṣe aya. Ó kú ní 1988. Ìjà ogún ló tẹ̀lé e.

Ní 2006, ní Ajao Estate, Chukwuemeka Ezeugo, ìyẹn Reverend King ti ìjọ Christian Praying Assembly, fẹ̀sùn àgbèrè kan mẹ́fà nínú àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀, ó da bẹntiróòlù sí wọn lára, ó sì dáná sun wọ́n. Obìnrin kan kú nínú wọn. Ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún un ní 2007, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fọwọ́ sí i ní 2016.

Ní Oṣù Keje 2022, ọlọ́pàá kó èèyàn 77 jáde nínú ìjọ kan ní àdúgbò Valentino nílùú Oǹdó. Ọmọdé 26 wà nínú wọn. Wọ́n ní wọ́n ń retí ìgbàsókè. Oṣù Kẹrin ni wọ́n kọ́kọ́ dá. Nígbà tó yẹ̀, wọ́n sún un sí Oṣù Kẹsàn-án.

Báwo ni ọlọ́gbọ́n ṣe ń bá irú èyí rìn? Ẹ̀kọ́ èdè là ń kọ́, ẹ jẹ́ ká tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn.

Èkíní, orúkọ ń yí padà. Olórí á di Bàbá, àwọn yòókù á di ọmọ. Nílẹ̀ wa, ọmọ kì í já bàbá rẹ̀ nírọ́ lójú gbogbo ayé. Ẹ̀kọ́ ilé wa gan-an ni wọ́n fi ń dè wá.

Èkejì, ìtumọ̀ ń yí padà. Ìgbọràn á di àìbéèrè. Àwọn òbí tí kò sí nínú ìjọ á di ará ayé, ará ayé á sì di ọ̀tá.

Ẹ̀kẹta, ohun tí a ti ná á di ẹ̀wọ̀n. Ẹni tó ti fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí ìgbàsókè kò ní fẹ́ gbà lọ́jọ́ kan ṣoṣo pé asán ni. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ fi lè yẹ̀ kí èrò má tú.

Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń gbé ilé kan náà kò wá ṣe ìdánwò lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ti sọ fún un níbi tó ń lọ pé ìwé ń pa ẹ̀mí. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò gbé fóònù mi mọ́. Mo ti wá rí i pé yẹ̀yẹ́ mi ló fi hàn án pé òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ará ayé.

Nítorí náà, bí ẹni yín bá ń lọ síbi tó ń kọ yín lóminú, ẹ má bá a jà. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: Ṣé o lè béèrè ibi tí owó ń lọ? Ṣé o lè lọ sílé lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ láìtọrọ àyè? Bí o bá fẹ́ kúrò lọ́la, ṣé wọ́n á jẹ́ kí o lọ ní àlàáfíà? Lẹ́yìn náà, ẹ ṣílẹ̀kùn yín sílẹ̀ dè é. Tèmi ṣì wà ní ṣíṣí.