ADHD àti Ọmọ Tí Ọkàn Rẹ̀ Kì Í Dúró ní Kíláàsì

ADHD ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn fún ìpèníjà ọpọlọ kan tí kì í jẹ́ kí ọmọdé lè fọkàn sí ibì kan pẹ́, tàbí tí kì í jẹ́ kí ó lè jókòó jẹ́ẹ́, kí ó sì lè kó ara rẹ̀ níjàánu kí ó tó ṣe ohun tí ó wá sí i lọ́kàn. Ìwádìí tí a ṣe lórí àwọn ìbejì ti fi hàn pé àjogúnbá ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó ń fà á, nítorí náà kì í ṣe àkẹ́jù, kì í ṣe èpè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àìgbẹ̀kọ́ ilé. Kò sì ṣọ̀wọ́n: nínú ìwádìí tí Adewuya àti Famuyiwa gbé jáde ní ọdún 2007 lórí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ìdá 8.7 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó ní in.

Èyí tí ojú tètè ń rí ni ti ọmọ tí ó ń dìde láìgbàṣẹ, tí ó sì ń dáhùn kí olùkọ́ tó béèrè ọ̀rọ̀ tán. Èyí tí ojú kì í tètè rí ni ti ọmọ tí ó jókòó wọ̀ọ̀, tí ó ń wo pátákó, ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Irú èyí ni ó sábà máa ń bá àwọn ọmọbìnrin jà, nítorí tí wọn kì í sì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba ilé ẹ̀kọ́ kọjá láìsí ẹni tí ó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe wọ́n, ohun tí ó dunni gidigidi.

Ọ̀kan nínú ibi tí ìpèníjà yìí ti ń ba ẹ̀kọ́ jẹ́ ni ohun tí a lè pè ní ìrántí ojú-ẹsẹ̀, ìyẹn àyè kékeré nínú ọpọlọ tí ènìyàn ń fi ohun tí ó ń lò lọ́wọ́ sí títí iṣẹ́ yóò fi parí. Bí a bá ní kí ọmọ ro 47 pọ̀ mọ́ 38, yóò ro 7 mọ́ 8, yóò kọ 5 sílẹ̀, yóò sì gbé 1 sọ́kàn. Kí ó tó dé orí 4 àti 3, 1 tí ó gbé ti lọ, ìdáhùn rẹ̀ sì di 75. Ọmọ yìí mọ ìṣirò, àmọ́ máàkì tí ó gbà ni olùkọ́ ń rí, kì í ṣe èyí tí ó mọ̀. Bákan náà ni ó rí nínú àpèkọ: kí ó tó kọ ìdajì gbólóhùn tán, ìdajì yòókù ti fò ó, àmì ohùn yóò sì wà níbì kan, yóò dàwátì níbòmíràn. Bí olùkọ́ bá pàṣẹ mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àkọ́kọ́ nìkan ni ó máa ń kù sí i létí, iṣẹ́ àṣetiléwá tí ó sì ti ṣe parí lè wà nílé lórí tábìlì. Báyìí ni àlàfo kéékèèké ṣe ń kó jọ láti kíláàsì kan dé òmíràn, tí ọmọ tí orí rẹ̀ pé fi ń gbé ipò ìkẹyìn.

Ohun tí ó ń rú àwọn òbí lójú ni pé ọmọ yìí kan náà lè wo bọ́ọ̀lù fún wákàtí méjì láìgbójú kúrò, wọn a sì ní ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ohun tí ń yí padà ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, tí èrè rẹ̀ wà lójú ẹsẹ̀, a máa fa ọkàn rẹ̀ mọ́ra. Dídarí ọkàn náà síbi tí kò wù ú ni ó ṣòro fún un. Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ ní National Institute of Mental Health ní Amẹ́ríkà ya àwòrán ọpọlọ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rí i pé ọpọlọ wọn, pàápàá apá iwájú tí ó ń kó ni níjàánu, ń gbó ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ẹgba kò lè mú un yára gbó. Ẹ̀rù àti ìkórìíra ilé ẹ̀kọ́ ni ó ń fi sílẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọmọ tí kì í gbé jẹ́ẹ́ ni ó ní ADHD. Ìlànà DSM-5 tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2013 là á sílẹ̀ pé àwọn àmì náà gbọ́dọ̀ ti yọjú kí ọmọ tó pé ọdún 12, kí wọ́n ti wà fún oṣù 6 ó kéré tán, kí wọ́n sì hàn ní ibi méjì ó kéré tán, bí ilé àti ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́rọ̀ dáadáa, tí kò ríran dé pátákó tàbí tí kò sùn tó lè ṣe bákan náà, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí àwọn òbí fi ìkánjú tì sí kíláàsì tí ó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ ti lè ṣe.

Ní ti ọmọ tí ó ní ADHD lóòótọ́, kí olùkọ́ mú un wá síwájú, jìnnà sí fèrèsé, kí ó máa pàṣẹ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì yìn ín lójú ẹsẹ̀ tí ó bá ṣe dáadáa, gbogbo èyí kò náni lówó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olùkọ́ kan ṣoṣo láàrin ọgọ́ta ọmọ nílò ìrànlọ́wọ́. Oògùn pẹ̀lú wà: ní ọdún 1937, dókítà Charles Bradley ní Rhode Island ní Amẹ́ríkà fún àwọn ọmọ ní oògùn Benzedrine, ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́. Oògùn methylphenidate ni ó wọ́pọ̀ lónìí, lábẹ́ ìṣọ́ dókítà. Oògùn lè jẹ́ kí ọkàn ọmọ dúró, ṣùgbọ́n kò lè kọ́ ọ ní ohun tí ó ti fò ó ní Prámárì Kejì. Ẹnì kan ní láti jókòó tì í, kí ó bá a padà sórí ìsọdipúpọ̀ tí kò tíì mọ̀, ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ìsinmi láàrin.