Nígbà Tí Ìlù Ọkàn Bá Dàrú

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe onídùúró rí fún ẹni tó yá owó, tí àrùn rọpá-rọsẹ̀ sì dá a dúbúlẹ̀ kó tó san án tán, ẹ mọ ohun tí a fẹ́ wí. Ṣọ́ọ̀bù á tì, gbèsè á wà nílẹ̀, àwọn ará ilé á sì máa wá ẹni tó ta á lọ́fà. Lóṣù yìí, ọ̀kan nínú ohun tó máa ń fa àrùn náà ni a fẹ́ là yé yín.

Orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é ni atrial fibrillation. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọkàn, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n máa lù létòlétò bí onílù tó mọṣẹ́. Nínú àìsàn yìí, àwọn yàrá òkè á kàn máa gbọ̀n. Ìlù á dàrú bí ìgbà tí onílù bá mutí yó. Ẹ̀jẹ̀ tí kò lọ geere á dúró síbẹ̀, á dì. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn bá gba inú iṣan dé ọpọlọ, ọ̀rọ̀ di rọpá-rọsẹ̀ nìyẹn. Ewu rọpá-rọsẹ̀ fún ẹni tó ní àìsàn yìí tó ìlọ́po márùn-ún ti ẹni tí kò ní in. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọfà ayé?

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Àyà á máa lù kìkì, á máa rẹ èèyàn, èémí á máa gé. Àwọn mìíràn kì í mọ nǹkan kan lára. Nítorí náà, ẹ jókòó jẹ́jẹ́, ẹ fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́ nísàlẹ̀ àtàńpàkò, kí ẹ ka ìlù rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. 60 sí 100 ló wọ́pọ̀ fún àgbàlagbà. Bí ìlù náà bá ń fò, tí kò bára mu, ẹ lọ sí ọsibítù kí wọ́n fi ẹ̀rọ ECG wò ó.

Oògùn ní iṣẹ́ tirẹ̀, ìṣe wa náà ní tirẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ ríru, òun ló wọ́pọ̀ jù nínú ohun tó ń da ìlù ọkàn rú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yẹ ìfúnpá yín wò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn ni pé kò pé ṣíbí tíì kan. Iyọ̀ inú magí sì wà nínú ìṣirò. Iyán wa kò ní iyọ̀. Ọbẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́.

Èkejì ni ọtí, paraga náà ò gbẹ́yìn. Ní 1978, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkàn àwọn tó mutí lámujù ń dàrú lẹ́yìn òpin ọ̀sẹ̀ àti ọlidé. Àwa tí a mọ ìnáwó òkú, a ò nílò àlàyé. Ní 2020, ìwádìí kan jáde láti Ọsirélíà nípa àwọn 140 tó ní àìsàn yìí tí wọ́n sì ń mutí. Láàárín oṣù mẹ́fà, àìsàn náà padà sára 73 nínú 100 àwọn tó ń mu ún lọ. Nínú àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n jáwọ́, 53 ni.

Ẹ̀kẹta, ẹ dín ara sísanra kù, ẹ pa sìgá tì. Ẹni tó ń jókòó ti ọjà látàárọ̀, kó máa fẹsẹ̀ rìn fún ìdajì wákàtí, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Òkè kò wọ́n wa ní Adó. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ la gbọ́dọ̀ fi ọ̀kadà gùn. Ẹni tó ń hanrun gan-an, tí èémí rẹ̀ sì ń dá lójú oorun, kó sọ fún dókítà.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó má dá a dúró nítorí pé ara ti yá. Bó bá jẹ́ warfarin ni, kó máa jẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, kó má jẹ ẹ́ lájẹjù lónìí kó pa á tì lọ́la. Kó má sì mu àgbo mọ́ ọn láìsọ fún dókítà.

Bí ẹnu bá yí, tí apá kan kú, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, ọsibítù lójú ẹsẹ̀ ni o. Ẹ má dúró di àárọ̀.

Àjẹṣẹ́kù ni ẹgbẹ́ wa fi dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń fi pamọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọkàn. Kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó kò, kí olúkúlùkù ti ka ìlù ọwọ́ ara rẹ̀.