Eré kọ̀ǹpútà tí kò ní oníṣègùn: Kálukú ló ń gbé oògùn tirẹ̀ lọ sógun

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà ní Mọ́níyà, Lálúpọn, Ẹgbẹ́dá àti Akánrán, bí ọmọ-ọmọ yín bá ti ìgboro wá kí yín, tí ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, tí ó ń pariwo pé "Ẹ gbà mí o!", ẹ má fòyà. Ojú ogun ló wà. Òun àti àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Jámánì lè jọ máa bá ẹranko abàmì jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kálukú nínú àwọ̀ tó yàn: jagunjagun, ọdẹ tàbí oṣó.

Nínú World of Warcraft, eré tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2004, èèyàn 5 ló ń kó ara wọn jọ lọ sí ibi tó le. Ẹnì kan a dúró níwájú, a máa gba ìyà. Àwọn 3 a máa ṣá ọ̀tá. Ẹni karùn-ún a wà lẹ́yìn, a máa wo àwọn yòókù sàn. Bí oníṣègùn yìí kò bá tíì dé, àwọn 4 a jókòó máa retí rẹ̀. Bí ó bá sì kú, ẹ kú àfẹ́kù, ogun fọ́ nìyẹn.

Ilé-iṣẹ́ ArenaNet, ní Amẹ́ríkà bákan náà, ní àwọn kò fẹ́ irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé Guild Wars 2 jáde ní oṣù kẹjọ 2012, wọn kò yan ẹnikẹ́ni ní oníṣègùn. Gbogbo jagunjagun ló ní oògùn tirẹ̀ lọ́wọ́, bí àwọn ọdẹ wa ti ń so àdó mọ́ ẹ̀wù. Ẹni tó ṣubú kì í sì í kú lójú ẹsẹ̀; ẹni tó bá wà nítòsí, ìbáà ṣe àjèjì, lè bẹ̀rẹ̀ gbé e dìde. Èyí wù mí púpọ̀.

Ohun tó jọ ọ́ ti ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀nà-Àrà lójú ayé. Ní 2000, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Àbújá, wọ́n ní tí yóò bá fi di 2005, ó kéré tán 60 nínú 100 ẹni tí ibà bá mú gbọ́dọ̀ máa rí ìtọ́jú láàárín wákàtí 24. Ní abúlé tí kò ní nọ́ọ̀sì, ta ni yóò ṣe é? Àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn kọ́ àwọn ará abúlé fúnra wọn bí wọn yóò ṣe máa fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ní oògùn ibà tí à ń pè ní ACT. Ìròyìn iṣẹ́ náà jáde ní 2008.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tí eré náà já sí. Ní oṣù kẹwàá 2015, ArenaNet fi ẹ̀kọ́ ìṣègùn kún iṣẹ́ ọdẹ inú eré wọn. Ní oṣù kọkànlá, ogun ńlá tó ń gba èèyàn 10 dé, ni àwọn òṣèré bá tún ń wá oníṣègùn kiri. Oògùn ọwọ́ kálukú kò ká a.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ibà. Ọmọ tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ó tó lo oògùn. Aládùúgbò tí wọ́n bá kọ́ dáadáa lè ṣe èyí. Èyí tí gìrì mú, tí kò lè mu ọmú mọ́, tàbí tó ń bi gbogbo ohun tó bá jẹ, ilé-ìwòsàn ló kàn, ìbáà ṣe ọ̀kadà lẹ ó rí gùn lóru.