Orí Ilé Ń Jò, A Ń Kun Ògiri

Ọ̀rọ̀ ilé la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, torí owó ọjà náà la fi ń tún ilé ṣe, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wa, a ò ní dárúkọ, kó àjọ nígbà tí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó ní ojú ti òun lọ́dún tó ṣáájú nígbà tí àlejò wá, pé òun náà fẹ́ tún yàrá ṣe. Ó ṣe P.O.P. sí àjà, ó lẹ táìsì sílẹ̀, ó kun ọ̀dà tó ń dán. Gbogbo wa lọ bá a yọ̀, a jẹ, a mu. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó bi í pé, "Ìyá, páànù ńkọ́?" Bẹ́ẹ̀ páànù yẹn ti dípẹtà tipẹ́. Ìgbà tí òjò ńlá dé, P.O.P. gbomi, ó já lulẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì lóru. Ọpẹ́ ni pé kò bá ọmọ. Owó tó yẹ kó fi kó ọjà ló fi pààrọ̀ páànù. Oṣù mẹ́ta ni ìsọ̀ rẹ̀ fi ṣófo, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

A ò sọ èyí láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa tí a yìn ín náà jẹ nínú ẹ̀bi. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Òkè ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀: páànù àti igi òrùlé, bóyá ikán ò ti jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà, wáyà iná àti ojú àgbàrá. Táìsì àti ọ̀dà ló gbẹ̀yìn, torí ọ̀dà tí a kùn sórí ògiri tútù yóò bó ni. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù láti ṣí orí ilé, kó tó di pé òjò bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń yà wá lẹ́nu. Bí a bá fẹ́ ra gàrí, a ó tọ́ ọ wò. Ẹ̀wà, a ó kó o sọ́wọ́, a ó wò ó bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Àǹkárá, a ó nà án, a ó fọwọ́ pa á. Àmọ́ tó bá di ohun èlò ilé, a ó ka owó fún káfíńtà pé kó bá wa rà á wá! Kí ló dé tí ọgbọ́n ọjà wa kì í tẹ̀ lé wa délé?

Ẹ jẹ́ ká bá wọn lọ. Páànù alumíníọ̀mù, ẹ bèèrè bó ṣe nípọn tó: 0.45 ni àbí 0.55 mílímítà? Àwọ̀ kan náà ni wọ́n lè ní, ojú lásán ò lè dá wọn mọ̀, bẹ́ẹ̀ owó wọn ò dọ́gba. Ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú yín, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì. Wáyà, 1.5 ni wọ́n sábà máa ń lò fún gílóòbù, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì. Èyí tó bá tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ máa ń gbóná, ó sì lè dá iná sílẹ̀. Ẹ̀dínwó wo ló wà nínú ìyẹn?

Àṣìṣe ti wọ́n jù báyìí. Ẹ rántí pé nígbà tí ọdún 2023 ń parí, àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ nǹkan bí ₦5,000 àti díẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń rà á díẹ̀díẹ̀. Ọgbọ́n ni, tó bá jẹ́ wáyà tàbí ìṣó. Ẹ má fi sìmẹ́ńtì ṣe bẹ́ẹ̀ o. Tó bá pẹ́ nílẹ̀, yóò dì.

Ní ti owó, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹni tó bá lágbára gba káàdì méjì lọ́wọ́ alájọ, ọ̀kan fún ọjà, ọ̀kan fún ilé. Lóòótọ́, alájọ yóò gba owó ọjọ́ kan lórí ìkọ̀ọ̀kan lóṣù. Síbẹ̀, ìyẹn sàn ju kí ilé jẹ ìsọ̀ lọ. Èrè la fi ń tún ilé ṣe, a kì í fọwọ́ kan owó òwò.

Àwọn kan ní ilé ọkọ ni, kí ọkọ ṣe é. Ìyá aláta kan dá wọn lóhùn pé, "Òjò ò mọ ilé ọkọ, orí ọmọ mi ló ń jò sí." Àwa ò dá ẹjọ́ yẹn. Ohun tí a mọ̀ ni pé kí tọkọtaya jọ sọ ọ́ kí òjò tó dé.

Nítorí náà, ẹni tó bá tún kó àjọ láàárín wa, ká bá a yọ̀ o, àmọ́ ká tó jẹ ìrẹsì rẹ̀, ká kọ́kọ́ bi í pé: "Ìyá, páànù ńkọ́?"

Ajé á bá wa jókòó o.