Gbígba Àfẹ́sọ́nà Lálejò àti Ríra Aṣọ Ìyàwó

Láàárín àwa Yorùbá, ọmọbìnrin tí wọ́n ti wá tọrọ rẹ̀, tí àwọn òbí rẹ̀ sì ti fọwọ́ sí i, kì í dá lọ sí ọjà láti ra aṣọ tí yóò fi ṣe ìyàwó. Ìbátan kan a máa wà tí yóò gbà á sílé, tí yóò sì bá a rìn dé ìsọ̀ aláṣọ. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ó lè jẹ́ àbúrò bàbá rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ó ti wà nílé ọkọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ ìbátan yìí kò ju pé kí ó pèsè ibùsùn àti oúnjẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti rí i pé ọmọ náà ra aṣọ tí ó yẹ ẹ́, tí gbèsè aṣọ kò sì tẹ̀ lé e wọlé ọkọ. Òṣogbo àti Iléṣà ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ nínú àròkọ yìí, nítorí pé àwọn ìlú méjèèjì ti mọ ọ̀rọ̀ aṣọ tipẹ́tipẹ́, ọ̀kan nípa rírẹ ẹ́ ní aró, èkejì nípa títà á.

Àṣà pé kí ìyàwó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan rẹ̀ kí ó tó lọ sí ilé ọkọ kì í ṣe ti àná. Ní Òkukù, tí kò jìnnà sí Òṣogbo, àti ní àwọn ìlú Ọ̀yọ́ mìíràn, ìyàwó a máa lọ láti agbo ilé dé agbo ilé nígbà tí ìgbéyàwó bá kù sí dẹ̀dẹ̀, a máa sun rárà ìyàwó, a sì máa dágbére fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn náà a máa súre fún un, wọn a sì fún un lówó tàbí lẹ́bùn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i pé kì í ṣe orin nìkan ni ó wà nínú ìrìn náà. Ọmọ ń lọ, ẹbí sì ń fi hàn án pé òun kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó gba àfẹ́sọ́nà lálejò lónìí, ipò àwọn ẹbí wọ̀nyẹn ni ó wà.

Ẹ jẹ́ kí a wí pé ọmọbìnrin kan láti Iléṣà wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Òṣogbo, ìrìn tí ó tó nǹkan bí 30 kìlómítà. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n ìyá yìí ní láti ṣe ni kí ó ti bá àwọn òbí ọmọ náà sọ̀rọ̀ kí ó tó dé, kí ó mọ ọjọ́ ìgbéyàwó, kí ó mọ irú ètò tí wọn yóò ṣe, kí ó sì mọ iye owó tí ó wà nílẹ̀ fún aṣọ. Nígbà tí ọmọ náà bá sì dé, kò yẹ kí ó sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀ tí yóò máa rán láti òwúrọ̀ di alẹ́, kò sì yẹ kí ó gbé e jókòó bí ẹni tí kò lè gbá ilẹ̀. Àlejò ni, ọmọ ilé sì ni pẹ̀lú. Yóò kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà ilé ní òwúrọ̀, yóò bá wọn dáná, lẹ́yìn náà wọn yóò fún un láyè láti sinmi àti láti múra ọjà. Bí ọkọ àfẹ́sọ́nà bá fẹ́ wá kí i, ọ̀sán ni yóò wá, yóò dọ̀bálẹ̀ fún onílé, ìyẹ̀wù àlejò ni wọn yóò sì ti gbà á. Ẹ̀gbọ́n ìyá yìí ni ìyá lójú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà, òun ni àwọn òbí yóò sì bi bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n jókòó, kí wọ́n ka aṣọ tí wọn yóò rà. Ọ̀tọ̀ ni aṣọ tí a ó fi ṣe ìdána, ọ̀tọ̀ ni èyí tí a ó wọ̀ lọ sí kọ́ọ̀tù, ọ̀tọ̀ sì ni ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti yìgì ní mọ́ṣáláṣí. Kò pọn dandan kí gbogbo wọn jẹ́ aṣọ olówó iyebíye. Ẹ wo aṣọ funfun gígùn tí àwọn ìyàwó onígbàgbọ́ ń wọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ni a ti rí i, kò sì pẹ́ púpọ̀ lọ́dọ̀ àwọn pàápàá. Nígbà tí Victoria, ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ìgbéyàwó ní 1840, aṣọ funfun ni ó wọ̀. Ṣáájú ìgbà náà, aṣọ aláwọ̀ oríṣiríṣi ni ọ̀pọ̀ ìyàwó níbẹ̀ ń wọ̀, wọn a sì tún máa wọ̀ ọ́ lọ sí òde mìíràn lẹ́yìn ìgbéyàwó. Àwọn ọlọ́rọ̀ fara wé ọbabìnrin, àwọn mẹ̀kúnnù fara wé ọlọ́rọ̀, títí tí aṣọ tí a ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fi di àṣà, tí ó sì bá ẹ̀sìn àwọn òyìnbó dé ilẹ̀ wa. Nítorí náà, kò sí ìtìjú kankan nínú kí ìyàwó yá irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lò, tàbí kí ó háyà rẹ̀, kí ó sì fi owó tí ó kù ra èyí tí yóò máa wọ̀ fún ogún ọdún.

Aṣọ tí ó lè pẹ́ bẹ́ẹ̀ ni aṣọ òkè. Orí òfì ni àwọn ahunṣọ ti ń hun ún ní ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, tí fífẹ̀ rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ínṣì 4 lọ nígbà púpọ̀, kí wọ́n tó rán ọ̀já mọ́ ọ̀já. Mẹ́ta ni ó lókìkí jù láyé àtijọ́. Sányán ni àkọ́kọ́, tí a fi òwú tí àwọn kòkòrò kan fi kọ́lé sórí igi inú igbó hun, tí àwọ̀ rẹ̀ sì dàbí ti iyẹ̀pẹ̀. Àlàárì ni èkejì, ó pupa, àwọn oníṣòwò sì máa ń gbé sílíìkì rẹ̀ gba aṣálẹ̀ Sàhárà wá. Ẹtù ni ẹ̀kẹta, òwú tí a rẹ ní aró títí ó fi dú ni, tí ìlà tínínrín funfun wà lára rẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù. Lónìí, òwú tí ẹ̀rọ ran ni ọ̀pọ̀ ahunṣọ ń lò, àwọn orúkọ wọ̀nyí sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di orúkọ àwọ̀ nìkan. Ìyàwó tí ó bá fẹ́ kí a hun tirẹ̀ ní láti tètè sọ fún ahunṣọ, nítorí pé a kì í fi ọjọ́ méjì hun ìró, bùbá, gèlè àti ìborùn.

Ti aró ni Òṣogbo fi gba orúkọ láàárín àwọn ìlú Yorùbá. Ìlú aró ni wọ́n ń pè é. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé nígbà tí àwọn tí ó tẹ ìlú náà dó dé etí odò Ọ̀ṣun láti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, igi tí wọ́n gé wó sínú odò, òrìṣà odò náà sì ké pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ẹni tí ó bá gba ìtàn náà gbọ́ àti ẹni tí kò gbà á gbọ́ yóò jọ gbà pé iṣẹ́ aró ti pẹ́ ní ìlú yìí. Ewé èlú ni àwọn aláró ń gún, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n sì ń sá gbẹ. Wọn a rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan. Bí aṣọ bá jáde láti inú ìkòkò, yóò dàbí ewé tútù, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án ni yóò máa dú. Bí ẹ̀gbọ́n ìyá bá fẹ́ ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ fún ọmọ náà, kí ó yí aṣọ sódì. Ojú kan ni a ń ya ẹ̀kọ láfún sí, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ a máa dú nítorí aró. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ a máa ṣì, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Ẹni tí ó mọ èyí kò ní san owó àdìrẹ fún ayédèrú.

Wàyí o, ibi tí ewu wà nìyí. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, aṣọ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí ya wọ ìlú náà, àwọn oníṣòwò Iléṣà sì ń wá rà níbẹ̀. Ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ti parí pátápátá ní 1893, ọ̀nà sì ti là. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà a di aṣọ lérù, wọn a sì gbé e lọ sí ìlú àti abúlé káàkiri. Wọn a tà á láwìn fún àwọn àgbẹ̀, pé kí wọ́n san díẹ̀ nísinsìnyí, kí wọ́n san ìyókù nígbà tí kòkó bá dé. Bí ọjọ́ bá pé tí gbèsè kò wọlé, oníṣòwò yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, yóò wí pé òun kò ní dìde títí òun yóò fi gba owó òun. Láti inú ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní Òṣómàáló. Iṣẹ́ tí ó ní láárí ni, ó sọ ọ̀pọ̀ ilé di ọlọ́rọ̀ ní Iléṣà, ó sì mú kí àgbẹ̀ tí kò lówó lọ́wọ́ rí aṣọ wọ̀. Ṣùgbọ́n owó àwìn kì í ṣe ẹgbẹ́ owó ọwọ́. Iye tí a fi kún un ni èrè ìdúródè oníṣòwò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí títí di òní. Ẹ jẹ́ kí a wí pé aṣọ kan jẹ́ ₦60,000 fún ẹni tí ó mú owó lọ́wọ́. Aláṣọ sọ pé ìyàwó lè gbé e lọ, kí ó máa san ₦10,000 lóṣooṣù fún oṣù 8. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ₦80,000 ni yóò san, ₦20,000 tí ó lé sì lè ra ìkòkò, àwo àti ẹní ilé tuntun. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti inú owó oúnjẹ ilé ọkọ ni yóò ti máa san án, ọkọ tí kò mọ̀ nípa gbèsè náà sì lè rí olówó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ìjà tí ó bá ti ibẹ̀ yọ kò ní í ṣe pẹ̀lú ìwà ẹnikẹ́ni nínú wọn, aṣọ ni ó bí i.

Nítorí náà, ìbátan tí ó gbọ́n kò ní jẹ́ kí wọ́n ra ohunkóhun ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Wọn yóò rìn yí Ọjà Ọba ká, wọn yóò bèèrè iye, wọn yóò sì padà sílé. Ní ọjọ́ kejì, iye owó tí wọ́n pinnu nìkan ni wọn yóò mú lọ. Bí aláṣọ bá wí pé, “Ẹ gbé e lọ ná, màmá, ẹ ó máa san án díẹ̀díẹ̀,” ìdáhùn rẹ̀ ni pé, “Ẹ ṣeun o, ìyá. Èyí tí owó ọwọ́ wa bá ká ni a ó gbé.” Kí ó sì jẹ́ kí ọmọ náà fi aṣọ wé ara rẹ̀, kí ó sọ èyí tí ó wù ú, nítorí pé òun ni yóò wọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá lè sọ pé aṣọ kan wọ́n jù tàbí pé kò nípọn, ṣùgbọ́n kò tọ́ kí ó fi ọmọ ọlọ́mọ ra aṣọ tí òun ìbá fẹ́ wọ̀ nígbà tí òun ń ṣe ìyàwó. Bákan náà ni ti aṣọ ẹbí: kí wọ́n mú èyí tí agbára àwọn ẹbí ká, kí wọ́n má sì fi dandan mú ẹni tí kò ní. Bí wọ́n bá délé, kí wọ́n kọ iye tí wọ́n ná sínú ìwé, kí ọmọ náà mú un padà fún àwọn òbí rẹ̀ ní Iléṣà pẹ̀lú owó tí ó ṣẹ́ kù.

Àwọn àgbà wí pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ìyàwó tí ó wọ aṣọ tí owó rẹ̀ ti tán nílẹ̀ lè jó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò lóṣòó dè é ní ẹnu ọ̀nà ní ọjọ́ kejì.