Ohun Tó Wà Lábẹ́ Awọ Ojú àti Ọrùn Wa

Àwọn kan nínú wa ti ń ra ìpara tí wọ́n ní ó ń mú awọ ojú le, tó sì ń pa ìlà ọrùn rẹ́. Kí owó oúnjẹ ọ̀sán tó bá a lọ, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà níbẹ̀ gan-an.

Awọ òkè tí à ń fọwọ́ kàn tín-ín-rín gan-an ni. Inú rẹ̀ ni méláníìnì tó ń fún wa ní àwọ̀ dúdú wà. Abẹ́ rẹ̀ niṣẹ́ pọ̀ sí. Níbẹ̀ ni kọ́lájìn àti ẹlásítìnì ti hun mọ́ra wọn bí òwú aṣọ òfì. Kọ́lájìn ni kì í jẹ́ kó ya, ẹlásítìnì ló ń dá a padà sí ààyè rẹ̀. Ẹ fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ yín wò, kẹ́ ẹ wá fa ti màmá àgbà nílé (kẹ́ ẹ tọrọ àyè o!). Tiyín á padà kíá, tiwọn á rọra padà. Ọjọ́ orí àti oòrùn ló fà á.

Ọ̀rá ló kàn, lẹ́yìn náà iṣan. Iṣan apá so mọ́ egungun, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ti ojú so mọ́ awọ fúnra rẹ̀. Ìyẹn la fi ń rẹ́rìn-ín, tá a fi ń fajú ro, tá a sì ń yọ ṣùtì síra wa. Ti ọrùn, tí wọ́n ń pè ní platysma, fẹ̀ pẹlẹbẹ láti òkè àyà dé àgbọ̀n. Ẹ fa igun ẹnu yín wá sísàlẹ̀ gidigidi níwájú dígí, ẹ ó rí i.

Ìlà ọrùn ńkọ́? Ibi tí awọ ti ń ká ni. Ọmọ ọwọ́ pàápàá ní in. Àwọn baba wa kà á sí ẹwà. Ó wà lọ́rùn àwọn kan nínú orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, Ilé-Ifẹ̀, ní 1938. Kí lẹnì kan wá ń pa á rẹ́ sí?

Àwọn dókítà ní ẹ̀rọ tó ń fi ìró tí etí ò lè gbọ́ ran ooru sí abẹ́ awọ, láìla èèyàn. Ó lè wọlé tó mìlímítà 4 ààbọ̀, ara á sì máa hun kọ́lájìn tuntun díẹ̀díẹ̀. Ìpara ò lè débẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ìpara abóra. Clobetasol wà nínú púpọ̀ nínú wọn, oògùn tó yẹ kó jẹ́ dókítà ló kọ ọ́ fúnni. Bá a bá ń fi í para pẹ́, kọ́lájìn á máa dín kù, awọ á fẹ́lẹ́, ọgbẹ́ ò ní tètè jinná. Bí dókítà bá rán an, okùn lè má dúró. Awọ tá a fẹ́ kó le ló wá rọ̀ yẹn! Mákúrì wà nínú àwọn mìíràn, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ wo ara páálí bóyá nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀.

Ó ku ọ̀kan: bí iwájú ọrùn bá wú, tó ń lọ sókè sódò bá a ṣe ń gbé itọ́ mì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ awọ. Ó lè jẹ́ gẹ̀gẹ̀, ilé ìwòsàn la ó gbé e lọ.